Kò sí ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò ìtìjú

Ìbéèrè

"Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Obìnrin ni mí, ọmọ ọdún 26. Sùúrùlérè ni mò ń gbé, mo sì ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní iléeṣẹ́ kan ní Broad Street. Ìtìjú ń yọ mí lẹ́nu gan-an. Bí wọ́n bá ní kí n sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, ohùn mi á máa gbọ̀n, ọwọ́ mi á tutù bíi yìnyín. Nínú danfo pàápàá, n kì í lè pe 'ó wà' kí dírẹ́bà lè dúró. Mo máa ń retí kí ẹlòmíì pè é. Bí kò bá sẹ́ni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní Leventis, mo máa ń bá wọn dé CMS, kí n tó wá fẹsẹ̀ rìn padà. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn lórí WhatsApp sọ fún mi pé ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣàkóso ìtìjú, pé tèmi ti wú ju bó ṣe yẹ lọ, pé bí mo bá ya àwòrán ọpọlọ màá fi ojú ara mi rí i. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń lo oògùn rẹ̀, mo ti san ti oṣù kan. Èmi náà wá wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí i kà pé lóòótọ́ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí ibi tí ìtìjú wà nínú ọpọlọ. Ibo ni mo ti lè ya àwòrán náà ní Èkó, ṣé kí n sì máa lo oògùn náà lọ?"

Ìdáhùn

Àbúrò mi, má ya àwòrán kankan, má sì fi owó oṣù kejì ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn. Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ pọ̀ díẹ̀, torí pé ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí ní irú ìbéèrè yìí, inú sì ti ń bí mi sí àwọn tó ń fi orúkọ ọpọlọ gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo kọ́kọ́ fi ìka lé nínú lẹ́tà rẹ: ìtìjú. Wo gbogbo ohun tó o kà sílẹ̀, àyà tó ń lù, ohùn tó ń gbọ̀n, ọwọ́ tó ń tutù, danfo tó ń gbé ọ kọjá. Kò sí èyí tó ń jẹ́ ìtìjú níbẹ̀. Ẹ̀rù ni gbogbo wọn. Yorùbá ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Bí ọmọdé bá da omi sí àlejò lára, ojú á tì í. Bí ajá bá lé e, ẹ̀rù á bà á. Ẹ̀yìn ohun tá a ti ṣe ni ojú ti sábà máa ń tì wá. Ẹ̀rù máa ń ṣáájú ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ ní ìpàdé ni àyà rẹ ti já. O ò tíì sọ ohunkóhun tó lè mú ojú tì ọ́. Ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù ni pé ojú lè wá tì ọ́. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé kò sí ohun tí dókítà fẹ́ wò sàn lára ìtìjú, àmọ́ ẹ̀rù tó bá ti ń dí èèyàn lọ́wọ́ iṣẹ́, tó ń sọ èèyàn di ẹni tó ń rìn láti CMS padà lójoojúmọ́, ó ní ìtọ́jú, ìtọ́jú náà sì ń ṣiṣẹ́.

Àwa àgbà náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. "Ikú yá ju ẹ̀sín" ni wọ́n fi tọ́ ọ̀pọ̀ wa. Ọmọ tó ń gbọ́ èyí láti kékeré, tí wọ́n tún nà níwájú gbogbo kíláàsì torí pé ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu bó bá dàgbà tán tí yàrá ìpàdé ọ́fíìsì wá dà bí ibi tí wọ́n ti fẹ́ pa á.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ohun tó o kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe irọ́. Ọkùnrin tó ń ta oògùn yẹn ló dorí rẹ̀ kodò. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ kan ní University of California, ní San Francisco àti Berkeley, ní Amẹ́ríkà, sọ ohun tí wọ́n rí fáráyé. Wọ́n kó àwọn èèyàn jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àrùn tó máa ń jẹ ọpọlọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n kọrin kàráókè, orin àtijọ́ kan tó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ ìlù àti ohun èlò orin kúrò, wọ́n wá ní kí oníkálukú jókòó wo ara rẹ̀ níbi tó ti ń kọrin, tòun ti ohùn rẹ̀ nìkan, láìsí nǹkan tó bò ó. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní fẹ́ jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn ni àwọn onímọ̀ náà ń ṣàkíyèsí bí ọkàn wọn ṣe ń lù, bí wọ́n ṣe ń làágùn, bí ojú wọn ṣe ń yí padà. Wọ́n tún ya àwòrán ọpọlọ wọn.

Ibì kan fara hàn, lápá ọ̀tún, níwájú ọpọlọ, ní àárín gbùngbùn níbi tí ìlàjì méjèèjì ti dojú kọra. Pregenual anterior cingulate cortex ni orúkọ rẹ̀, o ò ní láti há a sórí. Àwọn tí ibẹ̀ ti rún lára wọn, tó ti kéré sí bó ṣe yẹ, làwọn tí ojú ò tì. Bó ṣe ń kéré sí i ni ojútì wọn ń dín kù.

Jọ̀ọ́, tún ìpínrọ̀ yẹn kà. Àwọn tí àrùn ti jẹ ibẹ̀ lára wọn ni kò lójútì mọ́. Àwọn tí ibẹ̀ ṣì pé pérépéré lára wọn, ojú tì wọ́n gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ti èèyàn. Kò síbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ pé ó wú. Ọpọlọ tó bá wú lóòótọ́, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni: orí fífọ́ tí kò gbóògùn, èébì, ojú tó ń ṣe bàìbàì, gìrì, kí èèyàn máa sùn láìjí. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ń sáré gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tajà lórí fóònù.

Mo mọ ohun tí àìní ìtìjú máa ń sọ ilé dà. Ẹbí kan gbé bàbá wọn wá sọ́dọ̀ mi nígbà kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò tíì pé ẹni ọdún 65, ará Èbúté-Mẹ́tta. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn náà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá wọ agbádá lọ òde, kò ní jókòó àyàfi bí wọ́n bá nu àga. Níbi ìnáwó kan, ó na ọwọ́ sínú abọ́ obìnrin kan tí kò mọ̀ rí, ó mú ẹran tó wà lórí ìrẹsì rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ. Obìnrin náà mú ṣíbí dání, ó ń wò ó. Gbogbo tábìlì dákẹ́. Ìyàwó bàbá fi ìborùn bo ojú. Bàbá wo ojú gbogbo wọn yíká, kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó nu ọwọ́ sí agbádá.

Wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wòlíì méjì kí wọ́n tó gbé e wá. Ọ̀kan sọ pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléèwé ló ṣe é, wọ́n sì ná owó lé e lórí. Orúkọ àrùn náà ni frontotemporal dementia. Iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ ló máa ń jẹ. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 45 sí 65, ìwà ló sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́, ìgbàgbé lè pẹ́ kó tó dé. Ìyẹn ló ń jẹ́ káwọn èèyàn máa pè é ní àfọwọ́fà tàbí iṣẹ́ ayé. Gbólóhùn tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi kò kúrò létí mi títí dòní. Ó ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí ojú tì í lẹ́ẹ̀kan péré, kí n lè mọ̀ pé òun náà ló ṣì wà níbẹ̀." Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń pariwo pé òun ní oògùn tó ń pa ìtìjú, obìnrin yẹn ni mo máa ń rántí.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ló wá kàn, òun ni mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tó ń kà á fetí sí jù, torí òun ni wọ́n fi ń jẹ yín lówó. Ẹ̀rọ MRI dára. Òun la fi ń rí kókó nínú ọpọlọ, òun la fi ń rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì tàbí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti bẹ́, òun la fi rí i pé iwájú ọpọlọ bàbá tí mo sọ yẹn ti rún. Àmọ́ kò sí dókítà kankan, yálà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tó lè wo àwòrán ọpọlọ rẹ kó sì sọ pé onítìjú ni ẹni yìí, tàbí pé ẹ̀rù èrò máa ń ba ẹni yìí. Kò sí. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ rẹ torí kó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, gbájú-ẹ̀ ni.

O lè bi mí pé, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wọ́n ya àwòrán tí wọ́n sì rí nǹkan. Wọ́n rí nǹkan lóòótọ́. Lọ sí Mile 12 láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ka 100 tòmátò nínú apẹ̀rẹ̀ tó wá láti Kánò, ka 100 nínú apẹ̀rẹ̀ tó wá láti ibòmíì. Gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Ká ní tàwọn ará Kánò fi díẹ̀ wúwo jù bó o bá pín in dọ́gba. Òótọ́ ni, o lè kọ ọ́ sínú ìwé, kò sẹ́ni tó máa já ọ nírọ́. Wàyí o, kí n mú tòmátò kan ṣoṣo lé ọ lọ́wọ́, kí n ní kó o sọ apẹ̀rẹ̀ tó ti wá. O ò ní lè sọ ọ́. Kéékèèké wà nínú apẹ̀rẹ̀ méjèèjì, ńláńlá wà nínú méjèèjì. Bí ìwádìí ọpọlọ ṣe rí gan-an nìyẹn. Wọ́n á kó àwọn tí ẹ̀rù àwùjọ ń bá jà jọ, wọ́n á kó àwọn tí kò bá jọ, wọ́n á wá fi ìpíndọ́gba wéra. Ìyàtọ̀ tó máa ń wà láàárín wọn kì í tó nǹkan. Nígbà míì, ìwádìí kan á ní ibì kan tóbi lára àwọn ẹlẹ́rù, òmíràn á ní ibẹ̀ kan náà kéré. Tòmátò kan ṣoṣo ni ìwọ, àbúrò mi. Kò sí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n lè fi ọ́ kà.

Nǹkan kejì tún wà. Bí àwòrán bá tiẹ̀ fi nǹkan hàn, kò lè sọ èyí tó kọ́kọ́ dé, bóyá ọpọlọ ló fa ìwà ni o, tàbí ìwà ló tún ọpọlọ mọ. Lọ́dún 2000, obìnrin onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Eleanor Maguire, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán ọpọlọ àwọn onítakisí ìlú náà. Níbẹ̀, kí wọ́n tó fún èèyàn ní ìwé àṣẹ, ó gbọ́dọ̀ ti há ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpópónà sórí. Wọ́n rí i pé ẹ̀yìn hippocampus, ibi tí ọpọlọ ń fi mọ ọ̀nà, tóbi lára wọn ju tàwọn tí kì í wa takisí lọ, àwọn tó sì ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni tiwọn tóbi jù. Lọ́dún 2011, wọ́n gbé ìwádìí míì jáde lórí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀nà. Àwọn tó yege, ibẹ̀ dàgbà sí i lára wọn. Àwọn tí kò yege, ó wà bó ṣe wà. Wo dírẹ́bà tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ tó wà láàárín Òṣòdì àti Ojúẹlẹ́gba, tó mọ ibi tó lè yà sí bí gó-síló bá dé. Ojoojúmọ́ tó ń wà á ló kọ́ ọ. Ọpọlọ ò rí bíi bíríkì tí wọ́n mọ tán tó gbẹ.

Mo ti sọ pé ẹ̀rù ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí náà ó yẹ kí n sọ ibi tí ẹ̀rù ti ń ṣiṣẹ́ jù. Amygdala ni. Méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n wà nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún lápá ẹ̀bátí. Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà, ó sì túmọ̀ sí álímọ́ńdì. Èyíkéyìí nínú wa tó bá ti fi òkúta fọ́ fúrúùtù rí lábẹ́ igi iléèwé, tó yọ ọmọ inú rẹ̀ jẹ, ti mọ bó ṣe rí àti bó ṣe tóbi tó. Iṣẹ́ mẹ́gáàdì ló ń ṣe. Ó ń wo ojú àwọn èèyàn, bó bá sì rí èyí tó korò, kí ìwọ alára tó mọ ohun tó ń lọ, ó ti kígbe sí ọkàn pé kó sáré, ó ti kígbe sí awọ ara pé kó làágùn. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ti fi hàn pé lára àwọn tí ẹ̀rù àwùjọ ń bá jà, mẹ́gáàdì yìí máa ń ta gìrì ju bó ṣe yẹ lọ bí wọ́n bá rí ojú tó le tàbí ojú tó ń fini ṣẹ̀sín. Ẹni tó ń kiri búrẹ́dì ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, òun ti ń fọn fèrè olè. Mẹ́gáàdì náà ò ṣàìsàn. Wọ́n kọ́ ọ sódì ni, a sì lè tún un kọ́.

Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ kan ní Swídìn gbé ìwádìí wọn jáde lórí èèyàn 26 tó ní ẹ̀rù àwùjọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gba ìtọ́jú tó dá lórí èrò inú àti ìdánrawò, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti gbà á. Nígbà tí wọ́n parí, ẹ̀rù wọn dín kù, amygdala wọn dín kù díẹ̀ ní ìwọ̀n, gìrì tó ń ta sì rọlẹ̀. Èèyàn 26 kò pọ̀, mi ò lè fi búra. Má sì torí ẹ̀ lọ wọn tìrẹ, torí ọ̀rọ̀ tòmátò ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀ ni pé ìdánrawò ń dé inú ọpọlọ. Ìyẹn gan-an ni ọkùnrin WhatsApp yẹn kò fẹ́ kó o mọ̀, torí kò rí i tà.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa ń béèrè ìdí tí ọmọ yín tó máa ń kọrin kiri ilé fi dédé di ẹni tí kò fẹ́ káwọn ọ̀rẹ́ rí òun pẹ̀lú màmá rẹ̀ ní ọjà Tejúoṣó: ẹ fi í sílẹ̀. Wọ́n ti ṣe ìwádìí kan, tó jáde lọ́dún 2013, lórí àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 8 sí 22. Wọ́n sọ fún wọn pé ẹgbẹ́ wọn kan ń wò wọ́n látinú kámẹ́rà. Àárín iwájú ọpọlọ, tá a fi ń ronú nípa ara wa, lára àwọn ọ̀dọ́ ló ti ṣiṣẹ́ jù, ojú sì ń ti àwọn tó sún mọ́ ọdún 17 ju gbogbo wọn lọ. Ó wà lára ìdàgbàsókè. Ẹ má ṣe nà wọ́n nítorí rẹ̀, ẹ má sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò.

Ohun kan tún wà tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú àwòrán. O gbà pé gbogbo èrò inú danfo ń wò ọ́. Lọ́dún 2000, àwọn onímọ̀ kan ní Cornell University ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ ẹ̀wù tí àwòrán olórin kan wà láyà rẹ̀, olórin tó jẹ́ pé ojú á ti ọ̀dọ́ láti gbé kiri. Wọ́n ní kí wọ́n wọ yàrá tí àwọn yòókù jókòó sí. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n bi wọ́n pé èèyàn mélòó ló rí àwòrán náà. Wọ́n ní ó máa tó nǹkan bí ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi àwọn tó wà nínú yàrá léèrè, kò pé ìdá kan nínú mẹ́rin tó mọ ẹni tó wà láyà ẹ̀wù náà. Ìwọ ronú nípa danfo láàárọ̀ ọjọ́ Ajé lórí Eko Bridge. Ẹni kan ń sùn, ẹni kan ń bá kọ̀ńdọ́kítọ̀ fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì, ìyá kan di ẹrù rẹ̀ mú kó má baà dànù, ọkùnrin kan ń gbàdúrà sínú fóònù. Ta ló ń ráyè ohùn rẹ?

Èyí tó o máa ṣe nìyí, díẹ̀díẹ̀ ni o. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, jókòó sẹ́bàá kọ̀ńdọ́kítọ̀, sọ fún un jẹ́jẹ́ pé Leventis lò ń bọ́. Kò ní láti pariwo. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwọ fúnra rẹ pe "ó wà" láti ibi ìjókòó kan náà. Àyà rẹ á lù. Jẹ́ kó lù. Má wá bí kò ṣe ní lù, pe "ó wà" tòun ti lílù rẹ̀, torí kí mẹ́gáàdì yẹn lè rí i pé o pè é, kò sì séwu, ni ìdánrawò náà wà fún. Bó o bá sá, o ti sọ fún un pé òótọ́ lolè wà. Lẹ́yìn náà, bọ́ sí ìlà àárín, lẹ́yìn náà, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Ra ìwé kékeré kan, kí o tó wọkọ̀ kọ ohun tó ò ń bẹ̀rù pé ó máa ṣẹlẹ̀, bó o bá bọ́ọ́lẹ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní ìpàdé, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo tó o ti kọ sílẹ̀ láti ilé.

Mi ò rí ọ, mi ò sì yẹ̀ ọ́ wò, nítorí náà má fi ohun tí mo kọ yìí rọ́pò dókítà. Àyà tó ń lù lè jẹ́ tàwọn nǹkan míì: ẹ̀jẹ̀ tó kéré lára, àìsàn gẹ̀gẹ̀ ọ̀fun, ọtí agbára inú agolo tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu báyìí bí omi. Bó bá ń lù nígbà tó o dá wà, tó ò ń rù, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, lọ ṣe àyẹ̀wò kó o tó gbà pé ẹ̀rù ni. Bó o bá sì ti gbìyànjú fún bí oṣù méjì tí kò yí padà, tàbí tó ti ń mú ọ pa ibi iṣẹ́ jẹ, wá rí wa. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà. Mo mọ̀ pé orúkọ Yábàá ń ba èèyàn lẹ́rù. Ọdún 1907 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ń há àwọn alárùn ọpọlọ mọ́, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì rò pé ó jẹ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ń rí dókítà wọn, wọ́n ń padà sílé tàbí sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ìwọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí èrò pé kó o kú ló bá ń wá sọ́kàn rẹ, má dúró de oṣù méjì, má dúró de ọ̀la.

Oògùn wà o, oògùn gidi. Dókítà lè kọ èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, ó sì lè má kọ ọ́ rárá. Èyí tí mo fẹ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀ ni propranolol, táwọn kan ń rà ní kẹ́míìsì kí wọ́n tó lọ sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn. Ó máa ń dín bí àyà ṣe ń lù kù lóòótọ́, àmọ́ ó lè gbẹ̀mí ẹni tó ní ikọ́ fée. Má rà á láìrí dókítà. Má sì gba ìmọ̀ràn ẹni tó bá ní kó o mu paraga díẹ̀ kó o tó wọ ìpàdé. Mo ti rí àwọn tó fi ìgò kékeré bẹ̀rẹ̀ torí ẹ̀rù, tí ẹ̀rù ti lọ, tí ọtí ò lọ.

Ní ti oògùn tó o ti san owó rẹ̀, mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwọ náà ò mọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á má mọ̀. Wò ó bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Bó o bá ti ń lò ó, sọ fún dókítà tó o bá lọ rí, má fi pamọ́ torí pé ojú ń tì ọ́. Má da èyí tó kù nù. Gbé e lọ tòun ti ike rẹ̀ àti bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn.